Ẹ̀rọ Tí Kò Gba Àlejò

Lagos Town, Accra
1 Oṣù Kọkànlá, 2004

Ọláídé Àníkẹ́,

O kú ààwẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ará ilé ń tọ́jú ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí n tó sọ ohun tó gbé bírò lé mi lọ́wọ́, kọ́kọ́ rántí ẹni tó ń kọ̀wé sí ọ.

Bàbá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọdún méjì péré ni mo rí lò nílé ìwé. Mo ru àpò kòkó ní Kumasi títí irun fi kọ̀ láti hù láàárín orí mi. Mo fi ọdún mẹ́rin sùn sórí àpò ìrẹsì nínú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Ní 1969, nígbà tí ìjọba ní kí àlejò kó ẹrù wọn kúrò ní Gánà, àpótí kan ṣoṣo ni mo gbé dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo padà wá. Àgbàrá gbé ọjà èmi àti ìyá rẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì ní Odawna, ọṣẹ yọ́ dànù sínú ẹrẹ̀. Ẹ̀rọ táípù àkọ́kọ́ tí mo rà, lẹ́tà E rẹ̀ ti kán. Bírò la fi ń kọ E sínú ìwé oníbàárà. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí kí n tó lọ jókòó síwájú Tíṣà Olúbáyọ̀ láti kọ́ ìwé kíkọ, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Lónìí, lọ dúró ní Tudu kí o béèrè ilé ìtẹ̀wé Àrówólò. Afọ́jú yóò júwe rẹ̀ fún ọ.

Kò sí èyí tó dá mi dúró nínú gbogbo rẹ̀. Príńtà ló dá mi dúró.

Abdul-Rahim tó máa ń tún kọ̀ǹpútà wa ṣe ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà àgbà, èyí tí príńtà so mọ́, ti gbó. Ó nu ọpọlọ náà kúrò, ó fi tuntun sí i. Ojú rẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Ó ń fi pápá koríko kan hàn wá. Ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Tamale níbi òkú àwọn àna rẹ̀, kò sì tíì dé. Láti ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà méjèèjì tó kù kò lè ránṣẹ́ sí príńtà mọ́. Wáyà tí o ta sára ògiri ṣì wà níbẹ̀. Afua, ọmọbìnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́, á tẹ̀wé tán, á tẹ bọ́tìnì, kọ̀ǹpútà àgbà á ní òun kò mọ̀ ọ́n, á máa bi í ní ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ọ̀rọ̀ ìwọlé wo? Ní ṣọ́ọ̀bù mi?

Màdáàmù Ìbídùn tó ni ilé ìwé tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa ti kó ìbéèrè ìdánwò gbogbo kíláàsì rẹ̀ wá. Afua ń tẹ díẹ̀ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, àwọn tíṣà Màdáàmù ń wá tẹ ìyókù lórí ẹ̀rọ kejì tí ìyá rẹ máa ń lò. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ló fẹ́ kó wọn. Ó ní bí kò bá rí i lọ́jọ́ náà, ibòmíràn ni iṣẹ́ òun yóò máa lọ títí láé. Bí ìyẹn bá bọ́, n óò ta ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹnìkan ti ń bi mí léèrè rẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó dà bí ẹni pé ṣọ́ọ̀bù ará ibòmíràn ni mò ń sọ.

Oṣù kẹjọ rèé tí ìyá rẹ ti kú. Mò ń gbààwẹ̀. Mò ń jẹ sààrì. N kì í mọ ohun tí mo jẹ.

Ìwọ lo ta wáyà yẹn. Kọ ohun tí a óò ṣe. Láwàlì awakọ̀ ló mú lẹ́tà yìí bọ̀, má jẹ́ kó padà láìjẹun.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àdìgún Àrówólò


Ògbómọ̀ṣọ́
6 Oṣù Kọkànlá, 2004

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú àìrójú, ẹ kú ilé nìkan. Láwàlì jẹun kó tó kúrò, ó sì bu oúnjẹ ọ̀nà dání.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí kò le. Ọpọlọ àtijọ́ kì í bi ẹnikẹ́ni ní orúkọ. Ẹni tó bá ti wà lórí wáyà, ó ti di ará ilé. Tuntun yìí a máa bi ènìyàn pé ta ni kó tó ṣílẹ̀kùn. Ohun méjì ni kí Afua ṣe. Kó kọ́kọ́ wo orúkọ ẹgbẹ́, kó rí i pé ẹgbẹ́ tí ẹ̀rọ àgbà wà náà ni àwọn méjì yòókù wà. Lẹ́yìn náà, kó lọ síbi tí orúkọ àwọn tó ń lo ẹ̀rọ àgbà wà. Yóò rí ẹnìkan níbẹ̀ tí wọ́n pè ní Àlejò lédè Òyìnbó. Ó ń sùn. Kó jí i. Bí Àlejò bá ti jí, gbogbo ẹ̀rọ yóò máa bá orúkọ rẹ̀ wọlé, ìwé yóò sì jáde.

Ẹ má ṣe tú wáyà príńtà lọ sára ẹ̀rọ mìíràn o, kò bá ẹ̀yìn wọn mu.

Bàbá, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni tí mo bá jókòó síwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé tí mo ń béèrè láti ìgbà tí Màámi ti kú, ẹ kò fún mi ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kò fún mi ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti sin wọ́n. Ọjọ́ kẹjọ ẹ ní kí n padà síbí. Mo padà. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà, mò ń gba owó mi, mò ń sùn nínú yàrá tí ẹ sùn sí nígbà kan. Mo ti pè yín lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ní ẹ kì í bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ẹbí, kí n kọ ọ́. Mo ti wá kọ ọ́ báyìí: mo fẹ́ wálé. Accra ni mò ń pè nílé.

Ọmọ yín,
Ọláídé


Lagos Town, Accra
10 Oṣù Kọkànlá, 2004

Ọláídé,

O kú iṣẹ́. Lẹ́tà rẹ dé lánàá.

Ní ti ẹgbẹ́, mo kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lójú ẹsẹ̀, mo lọ bá Ọládàpọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní kó ṣí ìwé. Ó ṣí i. Orúkọ mi wà lókè pátápátá, èmi ni ẹnìkejì sí alága, kò sì sí ìpàdé tí mo pa jẹ láti 1988. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà. Ìgbà tí mo padà dé ni Afua ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó ní kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹn lo wí, ti inú kọ̀ǹpútà ni. Ó ti rí i. Ó ti tún un ṣe. Nígbà mìíràn, kọ ọ́ kó yé ènìyàn.

Ní ti Àlejò, Afua rí òun náà. Ó ní títẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò fi jí. Mo ní kó gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀.

Ó ní, “Agya,” bó ṣe máa ń pè mí ní bàbá lédè Twi, “orúkọ lásán ni.”

Mo ní, “Orúkọ lásán ni Àrówólò náà. Lọ máa jẹ́ ẹ, kí n wò ó bóyá ẹnikẹ́ni á kí ọ ní Tudu.”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Gbọ́ mi, Ọláídé. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni mo ti ń gbọ́ àlejò lórí ilẹ̀ yìí. Alata, Anago, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí, àlejò. Ẹnìkan fi ìwé ìròyìn na mí lórí ní 1969, ó ní, “Ìwọ ni wọ́n kọ síbí.” N kò mọ̀wé kà nígbà náà, mo gbà á gbọ́. Mo wá fi òógùn ojú mi ra tábìlì, mo ra kọ̀ǹpútà sórí rẹ̀, kí n wá fi Àlejò sínú rẹ̀, kí ó máa ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn? Kò ní ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀wé ní ilé ìtẹ̀wé mi, kó jẹ́ orúkọ rẹ̀. Wá ọ̀nà mìíràn fún mi.

O béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí: má wá. Mo rán ọ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa lè sọ fún ọ láéláé pé kó ẹrù rẹ. Ilé bàbá rẹ lo wà. Ìyá rẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ níbí, wọ́n sin ín síbí. Ẹnìkan tó.

Ọdún ku ọjọ́ mélòó kan. N kò ra ẹran.

Bàbá rẹ,
Àdìgún Àrówólò


Ògbómọ̀ṣọ́
15 Oṣù Kọkànlá, 2004

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún. Ọlọ́run yóò ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ fún yín láyé.

Mo ka lẹ́tà yín kí a tó lọ sí yídì. A dé, wọ́n se ìrẹsì, wọ́n gbé ẹran sílẹ̀. Gbogbo wa jókòó yí ká ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àǹtí Ọmọ́ládé, àbúrò yín, ló ń bu oúnjẹ. Ó wo gbogbo wa, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bu ti àlejò, àlejò kì í dúró de oúnjẹ.” Mo ń wo ẹnu ọ̀nà, mo ń wá àlejò náà. Èmi ni. Wọ́n bu tèmi ṣáájú ti Bàbá Àgbà tó jẹ́ olórí ẹbí, ẹran ńlá méjì, gbogbo wọn sì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Inú rere ni. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé láàárín wọn, Bàbá. Mo jẹ ẹ́ tán, mo dúpẹ́. N kò sunkún. Kò tilẹ̀ sí ohun tó ń ṣe mí.

Ó dáa. Ọ̀nà mìíràn nìyí. Bí ẹ kò bá fẹ́ Àlejò, ẹ fi orúkọ ènìyàn kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ àgbà, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ gan-an, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ gan-an tì í. Bí méjèèjì bá bára mu, ẹ̀rọ àgbà á mọ̀ ọ́n ní ẹni ilé, kò ní bi í léèrè mọ́.

Ti Afua kò le, orúkọ rẹ̀ ni, ó mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Ẹ̀rọ kejì ni kó yé yín dáadáa. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni ASIATU. Nígbà tí mò ń kọ́ Màámi ní títẹ̀, àwọn ni mo fi orúkọ wọn ṣí i. Ọ̀rọ̀ ìwọlé wọn, n kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí n kọjú sí ògiri, wọ́n fi ọwọ́ òsì bo ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bíi wúńdíá. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọ̀wé sí mi, n óò kọ bí a ṣe ń pa orúkọ wọn rẹ́ kúrò kí a fi ti ẹlòmíràn sí i.

Ọmọ yín,
Ọláídé


Ògbómọ̀ṣọ́
22 Oṣù Kọkànlá, 2004

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láwàlì wá lónìí, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Mo ní, “Kí ni Bàbá wí?” Ó ní ẹ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ẹ kò wo ojú òun, ẹ kàn gbọ́wọ́ sókè.

Ọjọ́ méje ló kù kí Màdáàmù Ìbídùn dé. Bí inú bá ń bí yín sí ohun tí mo kọ nípa oúnjẹ ọdún, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kó kọjá, ẹ kàn sọ ibi tí ẹ̀rọ dé.

Bàbá, mo ti ń rò ó. Ẹ̀rọ kejì yẹn, àwọn tíṣà ń wá lò ó, ẹ wí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣí láìkọ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Màámi ti lọ láti oṣù mẹ́jọ. Ta ní ń ṣí i láràárọ̀? Ẹ bi ẹni náà.

Ọláídé


Lagos Town, Accra
24 Oṣù Kọkànlá, 2004

Ọláídé,

Lẹ́tà ọdún rẹ dé láti ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. N kò rí ohun tí n óò kọ.

Mo ní kí ti Afua dúró, ti ìyá rẹ ni yóò kọ́kọ́ wọlé, ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ kò le. Èmi ni ọkọ rẹ̀. Ta ni obìnrin á fi ṣe àṣírí bí kò ṣe ẹni tó sọ ọ́ di ènìyàn? Mo jókòó ti Afua, mo ní, “Kọ ohun tí mo bá pè.” Mo pe ADIGUN. Ẹ̀rọ kọ̀. Mo pe AROWOLO. Ó kọ̀. Mo ní bóyá ó fi méjèèjì pọ̀. Ó kọ̀. OLAIDE, ó kọ̀. OGBOMOSO, ODAWNA, ALLAH, orúkọ ìyá rẹ̀, orúkọ ìyá mi. Ọjọ́ márùn-ún. Tí ó bá ti kọ̀, á dún bí ẹni fi ṣíbí kan lu àwo.

Kí o má kọ bí a ṣe ń pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. N kò béèrè ìyẹn.

Màdáàmù Ìbídùn yà lánàá. Ó ní, “Bàbá Àrówólò, ṣé kò sí ìyọnu?” Mo ní, “Ta ni? Èmi tí mo tẹ ìwé fún minísítà lọ́jọ́ tí iná kò sí?” Ó wo príńtà. Fìlà mi ló wà lórí rẹ̀. Ó lọ.

Mo ti ní kí ẹni tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù wá wò ó ní ọjọ́ Àtàláátà.

Bàbá rẹ


Lagos Town, Accra
1 Oṣù Kejìlá, 2004

Ọláídé Àníkẹ́ ọmọ mi,

O kú ìrètí. Ó yẹ kí n ti kọ̀wé, ọwọ́ ni kò ṣófo.

Lẹ́tà rẹ tó kéré yẹn dé lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n tó lọ kírun. Mo kà á, mo pe Afua.

“Ta ní ń ṣí ẹ̀rọ kejì láràárọ̀?”

“Èmi ni.”

“Kí lo máa ń kọ kó tó ṣí?”

“Lẹ́tà mẹ́ta. O, S, E.”

“Láti ìgbà wo lo ti mọ̀ ọ́n?”

“Màmá ló sọ ọ́ fún mi kí àìsàn tó dá wọn dúró sílé.”

“O wá jókòó tì mí fún ọjọ́ márùn-ún, tí mò ń pe Àdìgún, tí mò ń pe Àrówólò?”

“Agya, ẹ kò bi mí. Ẹ ní kí n kọ ohun tí ẹ bá pè. Mo rò pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ni.”

Mo ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mò ń dán an wò. Ó ní ṣebí Twi ni, ‘ó ní’ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Bí Màmá ṣe máa ń sọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ó ní kí a tètè ṣí. Ó ní kí a pa fáànù. Ó ní, ó ní, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ni, Agya.”

Èmi rò pé ọṣẹ ni, nítorí ọṣẹ ló tà kó tó wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó sì lè jẹ́ ọ̀sẹ̀. Ó sì lè jẹ́ òṣé, èyí tí ènìyàn ń pa bí nǹkan bá sú u. Ẹ̀rọ náà kò mọ àmì, kò mọ ti òkè, kò mọ ti ìsàlẹ̀. Mo kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn ìwé kan, mo wò wọ́n títí. Mo wá ká ìwé náà, mo fi í sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì príńtà kó má bàa mì.

Afua kọ ASIATU sínú ẹ̀rọ àgbà, ó kọ lẹ́tà mẹ́ta náà tì í, ó kọ tirẹ̀ náà. Kò dún bí ṣíbí. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ kejì, ó tẹ bọ́tìnì. Príńtà kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ìwé àkọ́kọ́ jáde: ìṣirò, kíláàsì kẹrin. A tẹ̀wé lọ́jọ́ Jímọ̀, a tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, a tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí Afua ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú. Màdáàmù Ìbídùn wá kó o lọ́jọ́ Àtìní. Ó ka ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ní òun ti bá ibòmíràn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, kí n dárí jin òun. Mo ní, “Àrówólò kì í jáni kulẹ̀, bi ẹnikẹ́ni ní Tudu.” Ó lọ. Mo jókòó. Mo ní báyìí ni inú mi yóò dùn. Mo dúró dè é. Kò dé. Mo gba ilẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù wá lánàá. Mo fún un ní omi mu. Mo ní kì í ṣe títà mọ́.

Ohun kan kù. Mo tún lẹ́tà ọdún rẹ kà, ibi tí Ọmọ́ládé ti bu oúnjẹ. Má bínú sí i, kò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Ní 1969 tí mo gbé àpótí mi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kan náà, ìyá wa ló ń bu oúnjẹ. Tèmi ni ó kọ́kọ́ bù. Ó ní àlejò Gánà ti rìn jìnnà. Ìyá tó bí mi, Ọláídé. Mo jẹ ẹ́ tán bí ìwọ náà ṣe jẹ ẹ́ tán. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, n kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ. Ohun tó gbé mi padà wá sí Accra nìyẹn. Mo ti sọ fún gbogbo ayé pé òwò ni.

Máa bọ̀. Sọ fún ilé ìwé tí o ti ń ṣiṣẹ́ pé bàbá rẹ ló ránṣẹ́. Láwàlì yóò kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Àlàrùbá tó ń bọ̀, mo ti bá a sọ ọ́, àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni tìrẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ Àtìní, n óò lọ bá kápẹ́ńtà Àlàmú kó wá kan fèrèsé yàrá ẹ̀yìn, kò ṣe é tì mọ́. Ọjọ́ Àtàláátà ni wọn yóò dìbò. Èmi kì í dìbò, n óò wà nílé. Ọjọ́ náà ni n óò kó àwọn aṣọ ìyá rẹ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà níbẹ̀. Láti oṣù mẹ́jọ ni mo ti ní n óò ṣe é. N óò ká wọn, n kò mọ bí a ṣe ń ká gèlè, ṣùgbọ́n n óò ká wọn. Ọjọ́ Àlàrùbá, n óò gbé tìmùtìmù sí oòrùn. Ọjọ́ Àlàmísì, n óò ra ẹran. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, n óò kírun tán, n óò lọ jókòó sí ibùdókọ̀. Bí ọkọ̀ yín bá pẹ́ ní bọ́dà, ẹ má sáré. N óò ṣì wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ,
Àdìgún Àrówólò